Ohùn Mi Tó Wà Nínú Fóònù Télọ̀

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé

A ti dé láti Òṣogbo. Dókítà ti yọ ohun tó hù sí mi lọ́nà ọ̀fun, ó sì ti fòfin dè mí. Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi rí mi lẹ́yìn ìdánwò àwọn ọmọ, nínú oṣù Èbìbí. Kì í ṣe pé kí n rọra máa sọ̀rọ̀ o. Ó ní sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ gan-an ló burú jù. Orin ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí. Ìpè ẹlẹ́ran lójú títì, kò sí. Bí mo bá rú òfin yìí, ohùn náà lè lọ pátápátá, kò sì ní sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́.

Láti Òkukù títí a fi dé Ìlá ni Bàbá Ìyanu ń sọ̀rọ̀ òṣèlú sí mi létí, gbogbo ohun tí mo ti ń bá a jiyàn lé lórí láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó. Mi ò lè fèsì. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní, "Ẹfúnróyè, mo ti borí lónìí." Mo fi àpò gbá a lẹ́yìn.

Ìwé yìí ni màá máa bá sọ̀rọ̀. Bí mi ò bá rí ibi tú ọ̀rọ̀ sí, màá bẹ́.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Pírínsípà wá wò mí. Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá jókòó, ó mu omi, ó wá ń pariwo bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé etí ló ń dùn mí. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún un pé, "Ọ̀fun ni, sà. Mo ń gbọ́ràn." Ó ní kí n má bínú, ó sì tún pariwo.

Ẹ̀rù ló gbé e wá. Kò sí tíṣà Yorùbá mìíràn nílé ìwé wa. Èyí tí a lè yá láti Ọ̀rà ti fẹ̀yìn tì, ìjọba kò sì tíì gba ẹlòmíràn. Àwọn aṣèdánwò ìwé mẹ́wàá kò tíì fojú kan lítíréṣọ̀ rárá, nítorí èmi kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àfi lẹ́yìn Kérésì ọdún tí wọ́n fẹ́ jáde. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá tètè kọ́ wọn, wọ́n á gbàgbé. Bí mo bá kọ́ wọn nígbà tí ìdánwò ti sún mọ́lé, á gbóná lórí wọn dọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tó ń ra ìwé nínú wọn. Èmi ni ìwé wọn. Èmi náà ni màá dúró níwájú, màá ṣe ọba, màá ṣe olorì, màá ṣe olè tó ń sá lọ, wọn á máa rẹ́rìn-ín, wọn á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tó ti ń kárí sọ ni mo ti rántí. Lọ́dún Koróná, nígbà tí gbogbo ilé ìwé wà ní títì, mo ka àwọn ìwé náà sínú fóònù látòkè délẹ̀, pẹ̀lú àlàyé àti ìbéèrè. Ohùn mi ṣì dára nígbà náà. Mo wá mẹ́mórì àtijọ́ yẹn kàn nínú agolo bọ́tìnnì, mo fi í sínú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi jáde. Kò ha, kò sì já. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń bú olè inú eré náà, omi sì bọ́ lójú mi níwájú ọ̀gá mi.

Pírínsípà fò dìde. Ó ní ohun tí àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń pariwo rẹ̀ nìyí, ẹ̀kọ́ orí ayélujára, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dá dúró fúnra rẹ̀. Ó ní òun máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ó kúrò nílé wa bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé

A ti dá gúrúùpù Wáàsáàpù sílẹ̀. Ajíbọ́lá, olórí kíláàsì, ló kó nọ́ńbà wọn jọ fún mi. Mo kó ohùn àtijọ́ náà síbẹ̀ lápá lápá, mo sì tẹ òfin sí i: kí kálukú gbọ́ apá kan títí yóò fi yé e, kí ó dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì fi ìdáhùn tí mo bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì máàkì ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí ní ohun tí kò tíì gbọ́ dáadáa.

Àwọn kan kò ní fóònù. Àwọn ọmọ tó ń ti oko wá ni, àti Jàmíátù, ọmọ Àdìsá télọ̀. Jàmíátù ni mo fi ń yangàn. Bí ó bá mú Yorùbá rẹ̀ já gaara, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nílùú níbí ló ń lọ, àti pé Yorùbá ló fẹ́ lọ kọ́. Ojú mi ni Àdìsá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní bí Yorùbá bá fi lè bọ́, kí ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ràbíátù, àbúrò òun obìnrin, ní Ìlọrin, nítorí Ràbíátù ti ń bèèrè rẹ̀ tipẹ́. Àdìsá kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọmọ náà wá kí mi lónìí, ó ní bàbá òun yóò máa gbé fóònù fún òun ní ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Mo ń bọ̀ láti ọjà, mo ra ata (ata ti gbówó lórí, kò ṣeé fẹnu sọ, ó sì bá mi lára mu báyìí). Bí mo ṣe yà sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù Àdìsá. Èmi ni.

Fóònù wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Jàmíátù ń gán bọ́tìnnì, ó ń kọ̀wé, ó ń gán bọ́tìnnì. Àwọn oníbàárà méjì tó wá gba aṣọ kò lọ mọ́, wọ́n jókòó ti eré náà. Nígbà tí ohùn mi dé ibi tí olorì ti mú olè nínú àká àgbàdo, Àdìsá fi ẹsẹ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró kí ó lè gbọ́ dáadáa. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́yìn ògiri títí mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kí n tó yọ sí wọn.

Jàmíátù kúnlẹ̀. Àdìsá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ohùn yín ti di ẹ̀rọ-agbóhùnsáfẹ́fẹ́ wa o." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Iná kò tíì dé láti ọjọ́ Àìkú. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo ti ń gba iná sí fóònù. Ooru ń pa èèyàn.

Ẹnìkan gbé ìwé àkókò ìdánwò ayédèrú sórí ayélujára, ó ní Yorùbá yóò wáyé lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ìyá sáré wá sílé mi, ọ̀kan kò tilẹ̀ wọ bàtà. Mo ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan fún wọn pé irọ́ ni. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò lè bú ẹni tó ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Inú bí mi lónìí.

Ajíbọ́lá kọ ọ́ sí gúrúùpù, níwájú gbogbo wọn: "Ẹ kú ìnira mà. Ẹ má bínú mà, mo rí i lórí ayélujára pé àwọn ìwé tọdún yìí ti yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń kà fún wa. Ṣé òótọ́ ni mà?"

Ayélujára kan náà tó ń kó ìyá ọlọ́mọ sáré láìwọ bàtà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ àwọn ìwé yìí lórí. Mo ti fi wọ́n kọ́ àwọn tó ti ń bímọ báyìí. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọmọ tó ti rí àkékúrú ìwé kan níbì kan, tí kò fẹ́ fara balẹ̀ gbọ́ eré, tó ń wá ọ̀nà àbùjá. Ká ní ó sọ ọ́ fún mi ní ìkọ̀kọ̀, ì bá sàn díẹ̀. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi ni?" Mo yọ ọ́ kúrò. Mo sì ti gúrúùpù náà pa, tí ó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Bàbá Ìyanu bi mí bóyá mo ti wò ó ná bóyá òótọ́ lọmọ náà sọ. Mo yí ojú mi sí ibòmíràn. Ó ní, "Ó dáa, mi ò bèèrè mọ́."

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Gúrúùpù pa lọ́lọ́. Wọ́n ń gbọ́, wọn ò jiyàn. Bí ó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ó gbé páànù ilé ìdáná lọ sí ọgbà aládùúgbò.

Lẹ́yìn òjò ni Jàmíátù wá. Ààwẹ̀ ti gbẹ ẹ́ létè, síbẹ̀ kò gbà kí n gbé àga fún òun kí ó tó kí mi tán. Ó gbé ìwé kan jáde láti abẹ́ ìjáábù rẹ̀, níbi tó fi í pamọ́ sí kí ẹ̀kán òjò má baà pa á. Ọmọ yìí ti kọ gbogbo eré náà sílẹ̀ látinú ohùn mi, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ibi tí mo ti wúkọ́ nínú rẹ̀, ó kọ "(Màmá wúkọ́)" síbẹ̀. Ó ní òun ló ń kà á fún àwọn tí kò ní fóònù, lábẹ́ igi obì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti jáde. Ó ní àwọn ọmọ oko yẹn ti mọ ọ̀rọ̀ ọba lórí.

Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Mi ò rí ibi tí mo lè fàlà sí. Mo kọ "Ó dára púpọ̀" sí ìsàlẹ̀, mo sì fọwọ́ pa á lórí.

Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní…" Ó wò mí. Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi, mo mi orí, láti sọ fún un pé kó má fi mí sínú ọ̀rọ̀ tó gùn. Ó ní, "Kò sí nǹkan mà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ara yín yá." Mo rò pé oúnjẹ ìṣínu ló fẹ́ bèèrè, ojú ń tì í.

Ọjọ́ Ajé, 31 Ẹrẹ́nà

Ìtúnu ààwẹ̀. Àdìsá fi ìrẹsì àti ẹran ránṣẹ́ sí wa nínú abọ́ tó ní ìdérí. Bàbá Ìyanu jẹ ẹran tèmi mọ́ tirẹ̀, ó ní ọ̀fun mi kò lè gbé eegun mì.

Ọjọ́rú, 9 Igbe

Òṣogbo. Àyẹ̀wò ojú ọgbẹ́ ni mo lọ ṣe, òfin àìsọ̀rọ̀ ṣì wà síbẹ̀. Dókítà ti ẹ̀rọ bọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní wọ́n ti yẹ ohun tí òun yọ wò, kì í ṣe àrùn jẹjẹrẹ, kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ó wá ní ojú ọgbẹ́ náà kò jiná bí òun ṣe fẹ́, àti pé kí n má retí pé ohùn tí mo ní tẹ́lẹ̀ ni yóò padà wá. Ó ní yóò ṣeé gbọ́ nínú yàrá. Ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo kọ ọ́ fún un. Ó ní, "Háà."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ dé Ìkìrun. Ẹkún náà, láìdún ni.

Mo tún tẹ ohùn àtijọ́ yẹn nígbà tí mo délé. Mo gbọ́ ọ títí tó fi tán. Bí ohùn mi kò bá padà, èyí nìkan ló kù fún mi, inú mi sì dùn pé ó wà nínú fóònù àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Igbe

Mo bá Bàbá Ìyanu dé oko, ó ń fi ọ̀pá sí iṣu. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo rí Ajíbọ́lá àti àwọn ọmọ kíláàsì mi bíi mélòó kan ní ibùdó ọlọ́kadà, orí wọn pàdé lórí fóònù kan. Bí wọ́n ṣe rí mi, fóònù wọ àpò. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Mo rò pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Mo na ìka sí wọn, mo kọjá lọ. Kí lọ́la irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 12 Èbìbí

Mo fi àtúnyẹ̀wò tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Ó ku ọjọ́ díẹ̀. Mo kọ ọ́ sí wọn pé: "Ẹ ti dá dúró fúnra yín. Ẹ kọ ohun tí mo kọ́ yín, kò ní sí ìtìjú." Pírínsípà rí i, ó ní òun yóò fi í hàn wọ́n ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15 Èbìbí

Wọn kì í jẹ́ kí tíṣà wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdánwò iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, mo ń gbàdúrà lọ́kàn. Òjò ń kán sórí páànù. Nígbà tí wọ́n jáde, mo dúró lójú fèrèsé láti wo ojú wọn. Ajíbọ́lá àti àwọn tirẹ̀ jáde, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn ìdáhùn. Àwọn ọmọ oko jáde, wọ́n ń wo ilẹ̀. Jàmíátù ló jáde kẹ́yìn. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbi tó wà, ó sì lọ.

Pírínsípà gbé ìwé ìbéèrè kan wá fún mi. Mo ṣí i sí apá lítíréṣọ̀.

Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mi ò mọ ọba yẹn. Mi ò mọ ìyàwó yẹn. Mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn, mo tún padà wò ó bóyá iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún mi. Ìwé tí mo kà sí wọn létí láti Èrèlé, ẹyọ ìbéèrè kan kò ti inú rẹ̀ wá.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá ní, "Kí ló dé, Mà?" Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Mo dá ìwé ìbéèrè náà padà fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Èbìbí

Ọdún tó kọjá ni àjọ ìdánwò ti kéde rẹ̀ pé àwọn ìwé máa yí padà. Ó wà nínú gúrúùpù àwọn tíṣà. Mo fi ìka wá a lọ sókè lónìí, mo rí i. Mo ti rí i nígbà náà pàápàá, nítorí mo fi àmì àtàǹpàkò sí abẹ́ rẹ̀. Mi ò ṣí i. Mo rò pé ìwé kan náà ni wọ́n tún ń kéde.

Mo ránṣẹ́ pe Ajíbọ́lá. Ó dọ̀bálẹ̀ kò dìde, àfìgbà tí mo fọwọ́ kàn án. Mo kọ ọ́ fún un: "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ka á. Ó ní, "A sọ, mà."

Mo kọ ọ́ pé, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? O mọ ilé mi."

Ó ní, "Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ wá. Wọ́n ní kí n má lọ bá yín jiyàn, pé ẹ ti ní ìdí tí ẹ fi ṣe é. Pírínsípà náà sọ ọ́ lórí ìlà láàárọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá bí Màmá nínú, òun ló máa jẹ́ kí ohùn wọn má padà mọ́. Ẹ̀rù bà wá, mà."

Ó gbé fóònù fún mi. Lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́ kúrò gan-an ló dá gúrúùpù mìíràn sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní "Kíláàsì Màmá." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá nípa mi. Wọ́n dáwó ra ìwé tuntun ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín ojú ìwé láàárín ara wọn, kálukú ń ka tirẹ̀ sínú fóònù fún àwọn yòókù, wọ́n sì ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ fúnra wọn. Ó tẹ ọ̀kan fún mi. Ọmọ kan ń ṣe ọba. Ó ń fa ọ̀rọ̀ ọba bí mo ṣe máa ń fà á, ó sinmi níbi tí mo máa ń sinmi. Ibi tí mo ti máa ń rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín bí èmi gan-an.

Mo kọ ọ́ fún un: "Jàmíátù ńkọ́?"

"Kò ní fóònù mà. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún un. Ó ní kí n má bà yín lórúkọ jẹ́ níwájú bàbá òun."

Ọjọ́ Àìkú, 18 Èbìbí

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 19 Èbìbí

Mi ò dúró de dókítà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àdìsá. Mi ò mú bébà lọ́wọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sórí bébà nà sí ọmọ ọlọ́mọ.

Àdìsá ń ránṣọ. Jàmíátù ń gé òwú. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde kò jọ ohùn èèyàn, ó ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Àdìsá dá ẹ̀rọ dúró. Mo ní, "Mo ṣì yín lọ́nà. Ìwé àtijọ́ ni mo kọ́ ọmọ yìí. Ìdánwò tó ṣe, kò lè mú un já, ẹ̀bi mi sì ni."

Jàmíátù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. "Ẹ má sọ̀rọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀fun yín."

Mo ní, "Ajíbọ́lá ní òun sọ fún ọ."

"Ó sọ fún mi mà."

"Kí ló wá dé?"

Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin sọ ọ̀kan, fóònù sọ òmíràn. Tiyín ni mo gbà gbọ́. Mo tilẹ̀ fẹ́ bi yín, lọ́jọ́ tí mo wá nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn òjò yẹn. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀fun yín." Ó ń fa òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwọn tí mò ń kà á fún lábẹ́ igi ni mò ń rò mà. Àwọn náà bi mí. Mo ní bí Màmá bá ti sọ ọ́, ó ti parí."

Mi ò mọ ohun tí mo jókòó lé. Mo ṣáà rí i pé mo ti jókòó.

Àdìsá kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú. Ó ká aṣọ tó ń rán, ó ní, "Ẹ ṣeun mà, tí ẹ sọ òótọ́. Ẹlòmíràn ò ní wá. Àmúwá Ọlọ́run ni." Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí la tún ń dúró de èsì fún? Ràbíátù á máa retí rẹ kí oṣù tó parí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí Jàmíátù tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, pé èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ. Ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn. Ó ní, "Pẹ̀lú ohùn wo, mà?" Kì í ṣe àfojúdi. Ó ń bèèrè ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Èbìbí

Dókítà bínú. Ó ní ojú ọgbẹ́ ti là. Ó ní ohùn tí mo ní báyìí ni màá máa lò.

Ọjọ́bọ̀, 29 Èbìbí

Jàmíátù wá dágbére. Ó gbé ìwé tó kọ eré náà sí wá fún mi, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ dè é. Mo ní kí ó mú un lọ. Ó ní Àǹtí Ràbíátù kò ní fẹ́ kí òun máa kàwé níwájú oníbàárà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ fún gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ. Mo dì í mú. Kò sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Èbìbí

Ó wọkọ̀ Ìlọrin láàárọ̀ yìí. Mo gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kọjá kí n lè tún rí i, ọkọ̀ ti gbéra. Ohùn mi sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àdìsá tẹ eré náà sílẹ̀, ó ń ránṣọ, òun nìkan. Nígbà tó dé ibi tí olorì ti mú olè nínú àká àgbàdo, kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì dúró.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí gúrúùpù náà sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè kọ̀wé. Mo dá Ajíbọ́lá padà síbẹ̀. Mo tẹ ohun tí mo ti ń rò láti ọjọ́ ìdánwò: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé tí mo kọ́ yín kọ́ ni wọ́n béèrè. Ẹ̀bi mi ni. Ajíbọ́lá sọ fún mi, mo sì lé e. Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ohunkóhun tó bá wà lọ́kàn yín sí mi, ẹ sọ ọ́ jáde, mi ò ní bínú."

Mo gbé fóònù sórí itan mi. Bàbá Ìyanu wá jókòó tì mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi ń di aláwọ̀ búlúù, wọ́n ti ń rí i.

Ajíbọ́lá ló kọ́kọ́ kọ ọ́: "Ẹ ṣeun mà. Ọlọ́run á dá ohùn yín padà."

Ẹlòmíràn: "A dúpẹ́ mà."

Ẹlòmíràn: "Ẹ ṣeun mà, ẹ kú ìnira wa."

Ọmọ oko kan, ó ní fóònù ẹ̀gbọ́n òun ni òun fi ń kọ ọ́: "Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ wa mà."

Títí mo fi ń kọ èyí, fóònù náà kò dákẹ́. Gbogbo wọn ló ń dúpẹ́.